Ìwé ẹ̀rí lọ́tọ̀, iṣẹ́ lọ́tọ̀: Ọ̀nà tuntun tí wọ́n fẹ́ẹ́ fi so ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ n'Ìkẹjà àti Agége

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Oba Akran n'Ìkẹjà, tàbí ọ̀nà Acme ní Ògbà, tàbí tó bá rìn títí dé Àgídíngbí, yóò rí oríṣi èèyàn méjì lẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Àwọn kan ń wọlé lọ síbi iṣẹ́ wọn, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n so káàdì ìdánimọ̀ mọ́ àyà. Àwọn kejì dúró síta, wọ́n ń retí bóyá wọn yóò pe orúkọ àwọn. Nínú àwọn tó dúró síta yìí ni èèyàn ti máa ń rí ọ̀dọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n tí kò tíì tú ẹ̀rọ kan palẹ̀ kí ó sì tò ó padà rí. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí ẹlòmíràn tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní Orílé-Agége, tó lè fi etí lásán mọ ibi tó ti ń dun jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé kankan tó lè nà sí ẹni tó ń gbani síṣẹ́. Ó rọrùn fún ilé iṣẹ́ láti má gba èkíní, ó sì rọrùn fún un láti má gba èkejì.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun tí ọ̀kan ní ni èkejì kò ní. Gbogbo ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń gbà kọ́ni níṣẹ́ láyé òde òní, bí orúkọ wọn ṣe pọ̀ tó, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá: bí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà yóò ṣe jókòó níwájú olùkọ́, tí yóò sì tún dúró nídìí ẹ̀rọ, kí ìmọ̀ orí àti ìmọ̀ ọwọ́ má baà ya ara wọn mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwùjọ ti bẹ̀rẹ̀

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orúkọ tí à ń pè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwùjọ yìí ti wá. Ní ọdún 1901 ni wọ́n dá Joliet Junior College sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Illinois, òun ni wọ́n sì kà sí àgbà láàrin àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba irú rẹ̀ tó ṣì wà títí dòní. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò le rárá. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ ìlú máa ti ilé ara rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́, kí owó rẹ̀ má wọ́n jù, kí ó fi ọdún kan tàbí méjì kọ́ ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ àdúgbò náà nílò, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án sì lè rí kíláàsì wọ̀ lálẹ́. Ní ọdún 1947, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Harry Truman gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga dámọ̀ràn pé kí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i káàkiri ilẹ̀ náà, orúkọ yìí sì gbilẹ̀ láti ìgbà náà.

Ní Nàìjíríà, orúkọ náà kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, ó kàn fọ́n sọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀, bíi Yaba College of Technology tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ ti ìjọba ń ṣe díẹ̀, irú èyí tó wà ní Àgídíngbí n'Ìkẹjà, ní Ìkòròdú àti ní Ìkòtún. Láti ọdún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ sì ti fàyè gba àwọn aládàáni láti dá àwọn ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, lábẹ́ àbójútó NBTE, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ láti ọdún 1977. Àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà lẹ́bàá títì ló wá kó èyí tó pọ̀ jù sọ́rùn, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Ohun kan wà tó yẹ kí àwọn òbí kíyè sí. Ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, ti di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ láti ọdún 2022. Ohun iyì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ bá ń wù láti di yunifásítì, iṣẹ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwùjọ yẹ kó ṣe yóò máa já sí ọwọ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù ni. Nítorí náà, ọ̀nà tí àwọn wọ̀nyí ń gbà kọ́ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Agége ti jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rí, kí ilé iṣẹ́ tó dé

Ẹni tó bá rò pé àwọn òyìnbó ló kọ́ Yorùbá pé kí èèyàn máa ṣiṣẹ́ kí ó sì máa kọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó bi Agége. Kí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó tó dé Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò Èkó kan ti gba ilẹ̀ oko lágbègbè Agége àti Ìfàkọ̀. Jacob Kehinde Coker, ọmọ Ẹ̀gbá, tó tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ African Church tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901, wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Kòkó ni wọ́n gbìn, wọ́n gbin obì náà. Ní ọdún 1907 ni àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, tí wọ́n pè ní Agege Planters' Union.

Àwọn lébìrà tó wá ṣiṣẹ́ lóko wọn ti ọ̀nà jíjìn wá láti inú ilẹ̀ Yorùbá. Kò sí ẹni tó fún wọn ní ìwé kà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń roko fún olóko ni wọ́n ń fi ojú rí bí a ti ń yan irúgbìn, bí a ti ń fi ewé bo ọ̀dọ́ igi kòkó kí oòrùn má baà pa á, àti bí a ti ń sá èso rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, owó nìkan kọ́ ni wọ́n mú lọ, wọ́n mú irúgbìn àti ìmọ̀ dání. Àwọn oníwàásù ìjọ náà pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀ kòkó fáwọn èèyàn níbi tí wọ́n bá dé. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé oko Agége wà lára orísun tí kòkó ti tàn kálẹ̀ nínú ilẹ̀ Yorùbá, kòkó yìí kan náà ló sì wá di owó tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi ṣe ọ̀pọ̀ ohun tí à ń yangàn rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí ṣe kedere. Kì í ṣe pé wọ́n jókòó sọ ìtàn kòkó fáwọn lébìrà náà. Wọ́n fi wọ́n sídìí iṣẹ́ ni, iṣẹ́ náà sì jẹ́ iṣẹ́ gidi, tí ẹni tó ni ín ń retí èrè lórí rẹ̀.

Bí ilé iṣẹ́ ṣe gba ilẹ̀ oko

Títí di ọdún 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìkẹjà àti Agége wà. Ìjọba yìí ló pa ilẹ̀ lélẹ̀ fáwọn ilé iṣẹ́ n'Ìkẹjà ní ìparí àwọn ọdún 1950. Láàrin ọdún díẹ̀, ilé iṣẹ́ ọtí Guinness, ilé iṣẹ́ táyà Dunlop, Cadbury tó wà ní Àgídíngbí, àti ọ̀pọ̀ mìíràn tó ń ṣe ọ̀dà, fóòmù àti oògùn ti gbilẹ̀ lágbègbè náà. Ní ọdún 1976, Ìkẹjà di olú ìlú ìpínlẹ̀ Èkó.

Láyé ìgbà náà, ó wọ́pọ̀ kí ilé iṣẹ́ ńlá gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé, kí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ níṣẹ́ fún ọdún bíi mẹ́ta, kí ó tó fi í sídìí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí ọrọ̀ ajé ṣe ń le, ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ dín kù. Àwọn mìíràn tilẹ̀ kógbá sílé pátápátá. Ní ọdún 2008 ni Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró n'Ìkẹjà. Nígbà tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn, owó oṣù nìkan kọ́ ló ń bá a lọ. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà nídìí ẹ̀rọ tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan lẹ́bàá títì, òun náà ń bá a lọ.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣẹ́kù kò sì dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń rà báyìí, kọ̀ǹpútà ló ń darí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ tún irú rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ iná, kí ó mọ irin, kí ó sì lè ka àwòrán ẹ̀rọ. Òótọ́ ni pé etí lásán lè gbọ́ ibi tó ti ń dun jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n etí lásán kò lè gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ.

Ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù: ohun tó mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀

Ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ní ọlá tirẹ̀. Òbí yóò mú ọmọ wá, wọn yóò fẹnu kò lórí iye ọdún àti iye owó, ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ gbígbá. Bí ọ̀gá bá na ọwọ́, ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ sípánà tó ń fẹ́ kí ó tó dárúkọ rẹ̀. Ọmọṣẹ́ àgbà yóò kọ́ ọmọṣẹ́ kékeré. Bí àkókò bá pé, wọn yóò ṣe fríìdọ̀mù fún un, ọ̀gá yóò súre, ó di ọ̀gá náà nìyẹn. Nínú ètò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe eré ìdárayá. Ọkọ̀ tó ń tún ṣe, ẹnì kan ń dúró dè é láti gbé e ròde.

Ṣùgbọ́n ètò náà ní àbùkù, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ohun tí ọ̀gá kò mọ̀, ọmọṣẹ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá mìíràn ń fi ìdí iṣẹ́ pamọ́ títí ọjọ́ fríìdọ̀mù. Òmíràn ń lo ọmọ olómọ fún iṣẹ́ ilé, ọdún ń yí lu ọdún. Ọ̀pọ̀ ajórin ló ń jó irin láìbo ojú, ọ̀pọ̀ réwáyà ló sì mọ wáyà tí wọ́n máa ń lò, ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń lò ó. Lékè gbogbo rẹ̀, ìwé fríìdọ̀mù tí ọ̀gá fi síta kì í sábà rìn jìnnà kọjá àdúgbò tí wọ́n ti mọ ọ̀gá náà.

Ilé ẹ̀kọ́: ẹ̀rọ inú àpótí

Ilé ẹ̀kọ́ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ní ọdún 1982 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí 6-3-3-4, ìpinnu wọn sì ni pé kí gbogbo ọmọ fọwọ́ kan irinṣẹ́ kí ó tó parí ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré. Wọ́n kó ẹ̀rọ wọlé láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, inú àpótí tí wọ́n fi kó wọn wá ni wọ́n wà títí ìpẹtà fi bò wọ́n, nítorí kò sí iná, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọn yóò gbé wọn sí, kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀rọ wà, ẹ̀kọ́ kò sí. Ohun tí ìyẹn kọ́ ìlú ni pé rírà kọ́ ni kíkọ́, èèyàn tó ń kọ́ni àti ọ̀nà tó ń gbà kọ́ni ló ṣe pàtàkì jù.

Ṣáájú ìgbà náà ni ìjọba ti rí i pé àlàfo wà láàrin ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́. Ní ọdún 1971 ni òfin dá Industrial Training Fund sílẹ̀, àjọ tí gbogbo èèyàn ń pè ní ITF. Owó tí àjọ yìí ń lò ń ti ọ̀dọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ wá. Láti ọdún 2011 tí wọ́n tún òfin náà ṣe, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó àádọ́ta mílíọ̀nù náírà, gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò náà. Ní ọdún 1973 ni ITF bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, èyí tó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ sí ilé iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó gboyè.

Ètò rere ni SIWES. Àmọ́ gbogbo ẹni tó ti ṣe é rí ló mọ ibi tó ti ń yọ́ jò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè má tètè rí ilé iṣẹ́ tí yóò gbà á. Bí ó bá sì rí i, wọ́n lè máa rán an lọ ra oúnjẹ àti lọ ṣe fọ́tókọ́pì títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé, nítorí kò sí ẹnì kan nínú ilé iṣẹ́ náà tí wọ́n sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ ọmọ náà. Wíwà nínú ilé iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́, bí jíjókòó sínú kíláàsì náà kì í ti í ṣe ẹ̀kọ́.

Ẹsẹ̀ kan nílé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ kan níbi iṣẹ́

Ọ̀nà tí àwọn ará Jámánì gbà yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń wò bí àwòkọ́ṣe. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1969, ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ yóò kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé iṣẹ́. Yóò máa lo bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ nídìí iṣẹ́, yóò lo ọjọ́ kan tàbí méjì nílé ẹ̀kọ́, fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ ń san owó díẹ̀ fún un lóṣooṣù. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ báyìí ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lọ. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí SIWES ni pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó gbàwé ẹ̀rí láti kọ́ni, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kọ́ ti wà lákọsílẹ̀ kí ó tó débẹ̀.

Kò yẹ ká gbàgbé pé Nàìjíríà pàápàá ti dán irú rẹ̀ wò. Ní ọdún 1987, àjọ NDE, tó ń wá iṣẹ́ fún àwọn èèyàn, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó fi àwọn ọ̀dọ́ sábẹ́ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò wọn, tó ń fún àwọn ọ̀gá náà lówó díẹ̀, tó sì ń kó àwọn ọmọṣẹ́ jọ sí kíláàsì lọ́jọ́ Sátidé láti kọ́ wọn ní ìdí ohun tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣe láti ọjọ́ Ajé. Àjọ yìí kan náà lo ọkọ̀ tí wọ́n kó irinṣẹ́ sínú rẹ̀, tó ń gbé ilé ẹ̀kọ́ lọ bá àwọn èèyàn ní ìgbèríko. Ọ̀gá ládùúgbò, kíláàsì lọ́jọ́ Sátidé: ètò tó bá ìṣe wa mu ni.

Ọdún 2009 ni ọ̀rọ̀ náà tún gbérí l'Ékòó. Ọdún náà ni ITF àti NECA, ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957 tí olú ilé wọn wà n'Ìkẹjà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n jọ ń ṣe láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ fúnra wọn. Ọdún náà kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ LASTVEB sílẹ̀ láti máa mójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, kí wọ́n lè ní ẹni tí yóò máa gbájú mọ́ tiwọn nìkan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àgídíngbí tó wà láàrin àwọn ilé iṣẹ́ wà lára wọn. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn lè fi rìn dé ilé iṣẹ́ tó lè gba ọmọ tó bá mọṣẹ́.

Kíláàsì tuntun: bí ó ṣe rí

Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n ní ọ̀nà tuntun láti kọ́ni lè máa rò pé kọ̀ǹpútà olówó ńlá ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò gba ju kí olùkọ́ yí ètò rẹ̀ padà.

Àkọ́kọ́, iṣẹ́ ló ń ṣáájú, àlàyé ló ń tẹ̀ lé e. Dípò kí olùkọ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ nǹkan sójú pátákó kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀bù, yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan tí wọn yóò ṣe, bí àga irin kan. Bí àga bá ń mì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fúnra rẹ̀ béèrè ìdí tó fi ń mì. Ìbéèrè tó ti ọkàn ọmọ jáde ni ìdáhùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ta àga náà, owó rẹ̀ yóò ra irin mìíràn.

Èkejì, ìṣirò ń wọ inú iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà ló mọ̀ pé bí òun bá fẹ́ kí igun ilé gún régé, òun yóò wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí apá kan, mẹ́rin sí apá kejì, èyí tó dábùú wọn yóò sì jẹ́ márùn-ún. Ìṣirò Pythagoras tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń sá fún ni. Bákan náà, bí ìdáná oníná kan bá ń jẹ 2,300 wáàtì lórí iná 230 fóòtì, ẹni tó bá pín èkíní sí èkejì yóò rí i pé 10 ámpù ni yóò máa gba inú wáyà kọjá. Bí wáyà bá tín-ínrín ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò gbóná, ilé sì lè jó. Ọmọ tó bá kọ́ ìṣirò báyìí mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, fóònù ń di ìwé. Olùkọ́ lè ya fídíò kékeré bí a ti ń tú ẹ̀ńjìnnì, kí ó fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp lálẹ́, kí àwọn ọmọ wò ó nílé léraléra. Tí wọ́n bá dé ní àárọ̀, kò sí àsọyé gígùn mọ́, ẹ̀rọ ni wọn yóò dojú kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè ya iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí olùkọ́ lè rí ibi tó ti ṣìṣe. Ẹni tí owó dátà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n ro tirẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n jẹ́ kí ó gba fídíò náà lórí fóònù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni èdè. Láàrin ọdún 1970 sí 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n tètè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn kò parí sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. N'Ìkẹjà àti Agége, ọmọ Yorùbá, ọmọ Íbò, ọmọ Ẹ̀gùn àti Haúsá ló jọ ń kọ́ṣẹ́, nítorí náà èdè kan kò lè tó. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá ṣàlàyé iṣẹ́ ní èdè tí ọmọ gbọ́ dáadáa, tó sì wá fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára ẹ̀rọ kún un, kò fi nǹkan kan du ọmọ náà, ó là á lójú ni.

Ìwé ẹ̀rí fún ẹni tó ti mọṣẹ́ tẹ́lẹ̀

Èyí tó lè ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ jù ni ètò ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní NSQ. Ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i, NBTE ló sì ń darí rẹ̀. Ìpele mẹ́fà ló ní. Kì í ṣe pé wọn yóò bi èèyàn ní iye ọdún tó lò ní kíláàsì. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: kí lo lè ṣe, fi hàn wá. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa kó ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ jọ, àwòrán, àkọsílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àwọn tó bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ náà dájú yóò wò ó bó ṣe ń ṣe é, ẹlòmíràn yóò sì yẹ ìdájọ́ ẹni náà wò kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́.

Ètò yìí fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó ti mọṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mẹkáníìkì tó ti fi ogún ọdún tún ọkọ̀ ṣe ní Agége kò ní láti padà lọ jókòó ti àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọn yóò dán ohun tó mọ̀ wò, wọn yóò sọ ohun tó kù fún un, yóò lọ kọ́ ìyẹn nìkan. Fún ọmọ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìdánwò NABTEB tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 ṣì wà fún un, ó sì lè ní méjèèjì.

Àpẹẹrẹ bí iṣẹ́ ṣe lè gbilẹ̀ láìní ìwé wà n'Ìkẹjà náà. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, òpópónà Otigba jẹ́ ibi tí èèyàn ń gbé. Láàrin ọdún díẹ̀ ó ti di Computer Village, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń to kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń tú fóònù. Ọ̀rẹ́ ló ń kọ́ ọ̀rẹ́, ọ̀gá ló ń kọ́ ọmọṣẹ́, bí ẹ̀rọ tuntun bá sì dé lónìí, àwọn kan yóò ti mọ̀ ọ́n tú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó lè tètè yí ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tí yóò ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ wọn kí ó sì fún wọn níwèé tí ayé yóò gbà. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bá lè so ara rẹ̀ mọ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò jèrè, ọjà náà yóò jèrè.

Ohun tó yẹ kí òbí béèrè

Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan jáde pé àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ kò ní máa sanwó ẹ̀kọ́, wọn yóò sì máa rí owó àtìlẹ́yìn gbà lóṣooṣù. Owó yóò ṣèrànwọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹ̀rọ inú àpótí ti kọ́ni pé owó nìkan kò tó. Iná gbọ́dọ̀ wà. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ máa padà sílé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ìmọ̀ rẹ̀ má baà ṣá. Àwọn òbí náà sì gbọ́dọ̀ dẹ́kun wíwo iṣẹ́ ọwọ́ bí ibi tí wọ́n ń da ọmọ tí kò mọ̀wé sí, kí wọ́n má sì ṣe fi iṣẹ́ iná tàbí iṣẹ́ irin du ọmọbìnrin tó bá wù.

Kí òbí tó sanwó níbikíbi, yálà kọ́lẹ́ẹ̀jì ni tàbí ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè márùn-ún wà tó yẹ kí ó bi wọ́n. Wákàtí mélòó lọ́sẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ mi yóò fi kan ẹ̀rọ? Ilé iṣẹ́ wo lẹ jọ ń ṣe, ta sì ni yóò kọ́ ọ níbẹ̀? Ìwé ẹ̀rí ta ni yóò gbà, àjọ wo ló fọwọ́ sí i? Kí ni àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá lè dá ṣe, ṣé mo lè rí i? Kí ni ẹ fi ń dáàbò bo ojú, etí àti ọwọ́ wọn? Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń ṣe ohun tó yẹ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Èyí tó bá bínú ti dáhùn ná.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lé díẹ̀ sẹ́yìn, lébìrà tó ti oko Agége padà sílé mú kóró kòkó dání pẹ̀lú ìmọ̀ bí yóò ṣe hù. Ká ní kóró nìkan ló mú lọ ni, ìgbẹ́ ni ì bá jù ú sí. Ká ní ìmọ̀ nìkan ló sì mú lọ, kò ní rí ohun tí yóò gbìn. Ọ̀dọ́ méjì tó dúró lẹ́nu géètì n'Ìkẹjà lónìí, ọ̀kan ló mú kóró dání, èkejì ló ní ìmọ̀. Iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni láti fi méjèèjì sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.